Wọ́n Fọ Ìpẹtà Bàbá Mi

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹta, ọdún 2023. Ẹ̀wù ogun mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fọ.

Ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n lò, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀. Wọ́n sá wọn sí oòrùn. Nígbà tí wọ́n gbẹ, wọ́n fi ọ̀dà fàdákà tuntun fín wọn láti òkè délẹ̀. Bàbá mi ló kun àwọn ẹ̀wù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ilé tíátà kan ṣoṣo, láti ìgbà tí mo wà ní kékeré títí di ọjọ́ tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò lè kun òmíràn mọ́.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ló kọ́kọ́ ṣe. Ó ń fín ọkọ̀ ní ọ̀dà. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ló fi lé ìpẹtà kiri. Wọ́n á gbé ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wá, á fi sáńdípépà ha á, á dí ihò rẹ̀, á fín in, ọkọ̀ á sì máa dán bí ojú ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tí wọ́n fi òróró pa. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tí ń gé fóòmù fún àwọn òṣèré wọ ṣọ́ọ̀bù wọn. Onífóòmù là ń pè é nílé wa títí ó fi kú. Ó gbé ìgbàyà ọmọ ogun kan dání, fóòmù lásán tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, ó ní kí bàbá mi bá òun fín in kó lè dà bí irin. Bàbá mi fín in bí ó ti ń fín ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé orí ìtàgé, bàbá mi lọ jókòó sáàárín àwọn òǹwòran. Ọmọ ogun jáde síta, ó ń dán gbinrin bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti já bébà iye owó kúrò lára rẹ̀.

Ìyá mi ló máa ń ròyìn ohun tó tẹ̀ lé e, nítorí òun ló wà nílé. Ó ní bàbá mi wọlé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ó lọ fa agbada irin ògbólógbòó kan yọ lẹ́yìn ilé, ó gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ, ó ń wò ó.

“Kí lẹ ń wá nínú agbada, baálé mi?”

“Ibi tí ìpẹtà ti bẹ̀rẹ̀ ni mò ń wá.”

“Ẹ̀yin tí ẹ ti fi gbogbo ọjọ́ ayé yín lé e, ẹ tún wá jókòó tì í, ẹ ń bẹ̀ ẹ́ kó wá bá yín gbé. Ẹ kúkú fún un ní yàrá kan.”

Ó fún un ní yàrá kan. Yàrá ẹ̀yìn ilé wa ni, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ilẹ̀kùn àtijọ́ kan tí a tẹ́ lórí àgbá méjì ni tábìlì rẹ̀. Àwọn agolo mílíìkì tí ó gé ẹnu wọn wà létí ògiri, búrọ́ọ̀ṣì dúró nínú wọn bí èèyàn tó ń tò sẹ́nu ọ̀nà dókítà. Okùn kan gba àárín yàrá náà kọjá títí dé ẹ̀yìnkùlé, orí rẹ̀ ni wọ́n ń sá àṣíborí, ìbọ̀wọ́ irin àti aṣọ ilé ìwé wa sí pa pọ̀. Òórùn fóòmù tí iná jó wà lára aṣọ mi ní gbogbo ọdún tí mo fi lọ sílé ìwé. Mi ò mọ̀ pé òórùn ni, àfi ìgbà tí mo lọ gbé ibòmíràn tí aṣọ mi ò gbóòórùn nǹkan kan mọ́. Mo máa ń gbé aṣọ náà símú nígbà mìíràn. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.

Fóòmù kì í gba ọ̀dà bí a kò bá kọ́kọ́ pa ẹnu rẹ̀ dé. Bàbá mi á fi iná jó ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ á fi dí. Á fi gọ́ọ̀mù funfun tí ó fi omi là pa á lára, á jẹ́ kó gbẹ, á tún pa á. Lẹ́yìn náà ló ń kun gbogbo rẹ̀ ní dúdú. Àlejò tó bá dé lásìkò yẹn á bá a kẹ́dùn, á rò pé iṣẹ́ ti bàjẹ́. Fàdákà ló kàn. Á ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, á sì nù ún sára àkísà títí mi ò fi ní rí ọ̀dà kankan lórí rẹ̀ mọ́. “Ó ṣì wà níbẹ̀,” lá wí. Ìwọ̀nba tó kù yẹn ló fi ń ra etí ẹ̀wù náà àti ibi tó bá yọ síta. Kòtò á wà ní dúdú, etí á tàn, fóòmù á sì di irin lójú rẹ bí o ti dúró yẹn.

Ìpẹtà ló ń kẹ́yìn. Kànìnkànìn tó ti ya ló fi ń tẹ ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú mọ́ ọn lára, ìyẹ̀fun bíríkì tí ó gún nínú agolo ló sì ń fẹ́ sí i kó lè dà bí eruku ojú ọ̀nà. Kì í fi fáníìṣì bò ó. Fáníìṣì ń dán lábẹ́ iná ìtàgé, eruku tó bá sì ń dán ti di nǹkan mìíràn. Ìdí nìyẹn tí omi ọṣẹ fi rí i gbé lọ.

Kò sí àpá kan tí bàbá mi fi sára ẹ̀wù tí kò ní ẹni tó dá a. “Ta ló ṣe é?” Bó ṣe máa ń béèrè nìyẹn, tí ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Bí ọmọ ogun bá ń fi ọwọ́ òsì gbá ọ̀kọ̀ dànù, apá òsì ló gbọ́dọ̀ gbọgbẹ́. Bó bá ń gbé asà, ibi tí asà ń họ ní igbáàyà rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ dán, kì í ṣe ibòmíràn. Àpá tí kò bá ní oníṣẹ́, á kun dúdú lé e, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí kò mọ ibi tí apá èèyàn ti ń ha ìgbàyà bó bá ń ṣiṣẹ́, ó wọ ọ̀kan fún ìyá mi, ó sì fún un ní ìgbálẹ̀.

“Gbá a sí i.”

“Kí ni n gbá? Ilẹ̀ yìí ti mọ́ ju ẹ̀rí ọkàn yín lọ.”

“Ó dáa, lọ gbá iwájú ilé.”

“Kí n wọ ẹ̀wù ogun jáde síta? Káwọn aládùúgbò lè sọ pé èmi àti ẹ̀yin ti ń bá ara wa jagun?”

“Wọ́n ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Gbé apá ọ̀tún sókè díẹ̀.”

Ó gbá iwájú ilé. Mo rí i láti ojú fèrèsé, ó wé gèlè, ó wọ ìgbàyà dúdú, ó ń gbálẹ̀ bí ọ̀gágun tí wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó wọlé padà, abẹ́ apá rẹ̀ ti ha ọ̀dà náà dànù ní ibi méjì. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ fún un gbalaja. Láti ọjọ́ náà lọ, gbogbo ọmọ ogun orí ìtàgé náà ló ní àpá ibi tí ìyá mi ti gbálẹ̀.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé kejì sí wa, tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó wọ ilé wa pẹ̀lú ìbínú.

“Àlejò yín tó dúró lẹ́yìnkùlé yẹn, ta ló bí i? Mo kí i, kò dáhùn. Mo tún kí i, ó kàn ń wò mí ni.”

Okùn ló wò. Ẹ̀wù ogun kan pé sórí rẹ̀ láti àṣíborí dé ìbọ̀sẹ̀.

Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, màmá. Ojú ogun ló ti ń bọ̀. Ọkàn rẹ̀ ò tíì balẹ̀.”

“Ẹ fún un lómi mu nígbà náà,” ìyá àgbà wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bàbá mi dúró títí ó fi jìnnà. Ó wá jókòó sílẹ̀ nínú eruku bíríkì, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni ò tíì yin òun tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ilé tíátà, ìlà àga tó kẹ́yìn pátápátá ni bàbá mi máa ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìdánrawò, nítorí pé láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń di òótọ́. Bí o bá sún mọ́ ọn, ọ̀dà àti eruku lo máa rí. Bí o bá jìnnà, wàá rí ọkùnrin tó ti rin ìrìn oṣù mẹ́ta nínú òjò. Èmi náà máa ń jókòó tì í, ẹsẹ̀ mi ò tíì kanlẹ̀. Á máa ké láti ibẹ̀ pé, “Ẹ yí padà! Ẹ gbọ́wọ́ sókè! Ó tó!” Ẹni tí ń yí padà, tí ń gbọ́wọ́ sókè ni òṣèré tí ń ṣe ọ̀gágun nínú gbogbo eré wọn. Òun ló wá di Alága ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ọ̀rẹyìn, Alága náà ni n ó sì máa pè é.

“Bàbá Onípẹtà,” Alága á ké padà láti orí ìtàgé, “ìdọ̀tí yín ń tẹ̀ lé mi délé o! Ìyàwó mi ń béèrè inú ihò tí mo ti ń ṣiṣẹ́.”

“Ẹ sọ fún un pé ogun lẹ lọ!”

“Kò gbà. Ó ní ẹni tó ti ogun bọ̀ máa ń mú nǹkan bọ̀ wálé.”

Gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín. Mo rántí ẹ̀rín náà dáadáa, bó ṣe ń lọ sókè tó ń bọ̀ padà láti òkè àjà. Inú mi ò ní dùn bó bá yẹ kí n purọ́ nípa rẹ̀: ọkùnrin náà pa wá lẹ́rìn-ín, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tó fi wọ iṣẹ́ bàbá mi sọ́rùn, kò fìgbà kan bọ́ ọ, kó gbé e wọ ẹlòmíràn, kó sì rìn dé ìlà àga tó kẹ́yìn láti wò ó. Ìdọ̀tí tó ń ràn mọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Rọpárọsẹ̀ mú bàbá mi nínú yàrá ẹ̀yìn, níwájú àṣíborí tí kò parí. Ọwọ́ ọ̀tún lọ, ojú ọ̀tún bá a lọ. Dókítà ní ojú òsì náà ti ń ṣú, kò sì ní pẹ́ kó tó ṣú tán. Ẹgbẹ́ òṣèré rán Alága wá bi í pé kí ni àwọn lè ṣe láti fi yẹ́ ẹ sí. Gbogbo wa ló wà níbẹ̀ nígbà tó dáhùn, ohùn rẹ̀ sì ti ń wọ́ nígbà náà.

“Ẹ gbé gbogbo wọn sórí ìtàgé. Ẹ tan iná. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sẹ́yìn kí n wò wọ́n, kójú yìí tó pa dé.”

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Alága di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sunkún.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, ìyá mi lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún un. A gbé e dé ìlà àga tó kẹ́yìn. Àwọn èèyàn kún inú gbọ̀ngàn náà fọ́fọ́. Wọ́n fa aṣọ ìtàgé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n tan iná, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ló wà níbẹ̀ lórí igi, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, wọ́n ń dán. Gbogbo wọn dọ́gba. Àpá ìgbálẹ̀ ìyá mi ti wọ abẹ́ fàdákà lọ.

Bàbá mi tẹjú mọ́ wọn pẹ́. Ó nu ojú òsì rẹ̀, ó tún wò.

“Ṣé iná ló pọ̀ jù ni,” ó bi mí, “àbí ojú mi ni?”

Ó rò pé ojú òun ló ti lọ. Èmi ni mo ní láti sọ fún un.

“Kì í ṣe ojú yín, bàbá. Wọ́n fọ wọ́n ni.”

“Gbogbo wọn?”

“Gbogbo wọn.”

Ó ní, “Ọlọ́run ṣe é, Onífóòmù ti kú. Èyí ìbá pa á.” Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síwájú rẹ̀ kó bá ìjọ èèyàn sọ̀rọ̀. Ó wo Alága, ó wo àwọn èèyàn, ó ní, “Ẹ ṣé. Ó mọ́.” Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Mo bá Alága lẹ́yìn ìtàgé. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Mi ò gbà á.

“Ta ló fọ wọ́n?”

“Èmi ni!” Ó ń yọ̀. “Èmi fúnra mi. Ẹ̀yìn ń dùn mí títí di bí mo ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí. Ṣé ká wá gbé ìdọ̀tí síwájú èèyàn lọ́jọ́ tí a ń yẹ́ bàbá yín sí?”

“Ìdọ̀tí náà ni iṣẹ́ bàbá mi.”

Ó wò mí. Mo rí ìgbà tó yé e. Ó jókòó sórí àpótí kan, ó ní, “Ọmọ mi, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.”

“Kò jó. Ẹ̀yin lẹ sun ún.”

“Ẹnu tí wọ́n fi kàwé nìyẹn. Mo fẹ́ràn bàbá rẹ.”

Mo gbà á gbọ́. Mi ò dárí jì í. Àwọn ẹbí ti bẹ̀ mí, ìyá mi ti bẹ̀ mí, wọ́n ní ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ìfẹ́ náà ní ẹsẹ̀, ó lè rìn dé ìlà àga tó kẹ́yìn. Kò rìn.

Inú ọkọ̀ la wà, à ń darí sílé, nígbà tí bàbá mi sọ̀rọ̀.

“Ti ojo ò sí níbẹ̀.”

Ìyá mi ló kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. “Áà! Òótọ́ ni. N ò rí i.”

Èmi náà rántí rẹ̀. Ọmọ ogun kan wà nínú eré wọn kan, tí gbogbo ìgbà ló ń sá. Bàbá mi kun iwájú ìgbàyà rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí ìhà kan tí idà kàn níbẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló wá fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí: ojú idà lọ́tùn-ún lósì, ihò ọfà, eyín ajá nísàlẹ̀ níbi tí ajá ti lé e bá, àti àtẹ́lẹsẹ̀ ẹnìkan tó sáré ju òun náà lọ, tó gun orí rẹ̀ kọjá. Ọkùnrin náà á jáde síta, á sọ̀rọ̀ akin, gbogbo èèyàn á gbà á gbọ́. Á wá yí padà. Kò ní sọ nǹkan kan, ẹ̀rín á ti gba gbogbo ilé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òṣèré náà kò mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí, ó sá wọlé, ó ń yẹ ṣòkòtò rẹ̀ wò.

“Akin tó bá mọ ìjà tí kò mọ ìsá, ogun ní í bá lọ,” bàbá mi wí nínú ọkọ̀. “Ojo tèmi mọ ìsá. Ó sá fún ọṣẹ.” Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ló ní, “Èyí yẹn ni mo fẹ́ rí.”

Mo wá a. Ẹgbẹ́ òṣèré ti yá ilé ìwé kan ní ìgbàyà náà fún eré àwọn ọmọ, kò sì padà wá. Ilé ìwé náà ti kógbá sílé, wọ́n ń ta táìlì níbẹ̀ báyìí. Mo rí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wọn nígbà yẹn. Ó rántí. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù jáde, àwọn èèyàn ń mú ohun tó bá wù wọ́n, obìnrin kan tó ń kọjá lọ ló sì gbé ìgbàyà náà fún ọmọ rẹ̀ láti fi ṣeré.

“Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa,” ó ní. “Ó ní ẹ̀yìn rẹ̀ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n iwájú rẹ̀ ṣì dáa, òun á wá ẹni tó máa bá òun tún un ṣe.”

Kò mọ orúkọ rẹ̀. Kò mọ ilé rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ kò ju èyí lọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, dìde. Wo òkè àjà rẹ. Wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wo inú àpótí tí o kó ohun ìṣeré ọmọ tó ti dàgbà sí, lọ wo ilé ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí o bá rí ìgbàyà kan tí iwájú rẹ̀ mọ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ọgbẹ́, má fi omi kàn án. Má nù ún. Má fẹnu fẹ́ eruku rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe. Ojú kan ṣoṣo ló kù fún bàbá mi, ó sì ń ṣú lójoojúmọ́. Gbé e wá sí ilé tíátà, kí o fi lé olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́. Má fi lé Alága lọ́wọ́. Gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ yìí.